Orí 66: Ìjọba Páláméńtì àti Àwa Ará Òṣíẹ̀lẹ̀

Ìwé ìbò mẹ́ta ni òṣìṣẹ́ àjọ INEC kà lé ọwọ́ olùdìbò kọ̀ọ̀kan ní Òṣíẹ̀lẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023. Pupa ni ti Ààrẹ, dúdú ni ti sẹ́nétọ̀, aláwọ̀ ewé ni ti aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá. Ẹ̀rọ BVAS á kọ́kọ́ yẹ ìka tàbí ojú èèyàn wò, wọn á fi tàdáwà sí i lọ́wọ́, á wá tẹríba sẹ́yìn páálí tí wọ́n fi ṣe ìbòòjú, á tẹ̀ka, á ká ìwé náà, á sì wá àpótí tí àwọ̀ ọmọrí rẹ̀ bá a mu. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta, ó tún padà wá gba méjì, ti gómìnà àti ti aṣòfin ìpínlẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2024, àjọ elétò ìdìbò Ìpínlẹ̀ Ògùn tún pè é síta fún alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Odẹ́dá àti kánsílọ̀. Ìwé méje ni gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó dìbò ní agbègbè wa yìí ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá 1959, nígbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀, ìwé kan ṣoṣo ló gbà. Ó wọ ibi ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ta aṣọ sí, ó bá àpótí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀: ọ̀pẹ ni ti Action Group, àkùkọ ni ti NCNC. Ó ju ìwé rẹ̀ sínú èyí tó wù ú, ó jáde, ó ń lọ sílé. Kò dìbò fún Olóòtú Ìjọba rárá. Ẹni tí yóò lọ jókòó fún ẹkùn rẹ̀ nílé aṣòfin l'Ékòó ló yàn, àwọn tó bá sì jókòó níbẹ̀ ló ń mọ ẹni tí yóò ṣe olórí wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn àtijọ́ lásán. Ní oṣù kejì ọdún 2024, 60 nínú àwọn 360 aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá gbé àbá kalẹ̀ pé kí Nàìjíríà padà sí ìjọba páláméńtì, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2031. Wọ́n ní owó tí ìjọba Ààrẹ ń jẹ pọ̀ jù, agbára sì pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹnì kan. Látìgbà náà, mo ti gbọ́ àríyànjiyàn rẹ̀ lẹ́nu àwọn olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó wà níbí, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn awakọ̀ tó ń kó èrò gba ọ̀dọ̀ wa lọ sí Ìbàdàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé ìjọba Awólọ́wọ̀ dára, páláméńtì ni Awólọ́wọ̀ fi ṣe é, ká sáà padà síbẹ̀. Mo fẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò tinú tẹ̀yìn, nítorí ìjọba kan náà yẹn ló dojú dé ní Ìbàdàn, ọmọ Ẹ̀gbá mẹ́ta ló sì wà níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti gbóná jù.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ẹgbẹ́ tàbí àkójọ ẹgbẹ́ tí orí rẹ̀ bá pọ̀ jù nínú ilé ló ń ṣèjọba. Olórí wọn ni Olóòtú Ìjọba, inú ilé náà ló sì ti ń mú àwọn mínísítà rẹ̀. Mínísítà tó gba owó ọ̀nà tí a kò rí ọ̀nà, ojú àwọn alátakò ni yóò ti dìde lórí ìjókòó rẹ̀ ṣàlàyé. Kò sí ọdún mẹ́rin tó dájú fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí àwọn tó wà lẹ́yìn olórí kò bá tó ìdajì ilé mọ́, ọjọ́ náà ni ìjọba rẹ̀ tán: bóyá kí ẹlòmíì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá kí wọ́n tú ilé ká kí ará ìlú tún ìbò dì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Liz Truss kò lo 50 ọjọ́ pé ní 2022 tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ní kí ó máa lọ. Ọmọ Yorùbá, Kemi Badenoch, ló di olórí àwọn alátakò níbẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2024. Ní gbogbo Ọjọ́rú tí ilé bá jókòó, ẹni tó bá wà nípò yẹn á dìde bi Olóòtú Ìjọba léèrè ọ̀rọ̀ lójú ayé, ìjọba ló sì ń san owó oṣù fún un láti máa ta ko ìjọba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ìyẹn wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti àpapọ̀, bíi Kánádà, Íńdíà, Jámánì tàbí Ọsirélíà, ìlọ́po ni nǹkan náà. Páláméńtì kan wà láàárín, ọ̀kọ̀ọ̀kan tún wà ní ẹkùn, òfin ilẹ̀ sì pín iṣẹ́ fún wọn. Bí tiwa náà ṣe rí nìyẹn. Tafawa Balewa ń ṣe Olóòtú Ìjọba l'Ékòó, Awólọ́wọ̀ ń ṣe Prẹ́míà, olórí ìjọba ẹkùn, ní Ìbàdàn láti oṣù kẹwàá 1954. Nígbà tí Ìwọ̀-Oòrùn fẹ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní 1955, kò dúró de ẹkùn kankan. Àwọn tó ń yin ètò yẹn kò parọ́.

Kí aláṣẹ kúrò nígbà tí àwọn tó gbé e dúró bá yọwọ́, èyí pàápàá kò ṣàjèjì sí Ẹ̀gbá. Àwọn Ògbóni, àwọn Olórógun àti àwọn Pàràkòyí ló ń jọ gbọ́ tìlú láyé àtijọ́. Ọba kì í dá a ṣe. Àwọn òyìnbó ló wá kó gbogbo àṣẹ lé Aláké nìkan lọ́wọ́. Nígbà tí owó orí wá wọ àwọn obìnrin lọ́rùn, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó wọn dé iwájú ààfin, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949. Ó padà dé ní ìparí 1950, ṣùgbọ́n àṣẹ ànìkànpa yẹn kò bá a padà.

Ìbàdàn 1962 ni mo ń bọ̀.

Lẹ́yìn ìbò 1959, Awólọ́wọ̀ fi Ìbàdàn sílẹ̀, ó lọ ṣe olórí alátakò l'Ékòó, Samuel Ládòkè Akíntọ́lá sì di Prẹ́míà. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi ya ọ̀nà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìpàdé ẹgbẹ́ wọn, Action Group, ní Jos ní oṣù kejì 1962 ni gbogbo ayé ti rí i pé aṣọ ti ya. Ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún, lẹ́tà kan dé ọ̀dọ̀ Gómìnà ẹkùn náà, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí. Ọmọ ilé 66 ló fọwọ́ sí i pé àwọn kò sí lẹ́yìn Akíntọ́lá mọ́. Ènìyàn 124 ló wà nínú ilé. 66 ju ìdajì lọ. Gómìnà yọ Prẹ́míà, ó sì fi Alàájì Dáúdà Adégbénró, ọmọ Òwu l'Ábẹ́òkúta, rọ́pò rẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá kìíní nìyẹn.

Akíntọ́lá ní òun kò lọ ibì kankan. Ó ní ta ló dìbò? Orí ìwé ni wọ́n ti kà á, wọn kò kà á nínú ilé. Ohun tí òfin ẹkùn náà sọ ni pé Gómìnà kò gbọdọ̀ yọ Prẹ́míà àyàfi tó bá hàn sí i pé ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ilé kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Tó bá hàn sí i. Báwo ni yóò ṣe hàn? Ṣé nínú lẹ́tà ni, àbí nínú ìbò tí gbogbo ilé dì, tí akọ̀wé kọ sílẹ̀, tí oníròyìn jókòó sókè tó ń wò? Ọ̀rọ̀ mélòó kan péré ni òfin ṣe àwítì, Ìwọ̀-Oòrùn sì gbiná.

Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún, ilé jókòó ní Ìbàdàn láti fọwọ́ sí ìjọba Adégbénró. Ká ní wọ́n ka orí lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ì bá parí lọ́nà kan tàbí òmíràn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀, aṣòfin kan láti apá Ògbómọ̀ṣọ́ fò sórí tábìlì, ó ń ké pé iná ń jó lórí òkè. Àga bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ẹnì kan gbé ọ̀pá àṣẹ, ó fi wá Abẹnugan. Tábìlì ló bà, ọ̀pá náà sì kán. Ọlọ́pàá yin tajútajú, àwọn àgbààgbà tí wọ́n wọ agbádá ń ti ara wọn jáde lẹ́nu ọ̀nà, omijé ń ṣàn lójú wọn. Wọn kò ka orí kankan lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, páláméńtì àpapọ̀ l'Ékòó, níbi tí ọ̀pọ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́ NPC àti NCNC, kéde ìjọba pàjáwìrì lórí Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n ti ilé aṣòfin, wọ́n fi gómìnà àti Prẹ́míà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì fi Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí, mínísítà ètò ìlera, ṣe alábòójútó títí ọdún fi parí. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i. Ọmọ Ẹ̀gbá kejì.

Ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Sir Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, ọmọ Aláké tí àwọn obìnrin lé, ni Adájọ́ Àgbà. Ọmọ Ẹ̀gbá kẹta. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje, òun àti ọ̀pọ̀ àwọn adájọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ dájọ́ pé inú ilé nìkan ni ó ti lè hàn sí Gómìnà. Lẹ́tà kò tó. Adájọ́ Brett nìkan ni kò bá wọn lọ. Adégbénró gbé ẹjọ́ náà lọ sí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀n, àwọn yẹn sì dá a láre ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1963, wọ́n ní ohun tí òfin sọ ni "tó bá hàn sí i", kò sọ pé inú ilé ni kó ti hàn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú. Akíntọ́lá ti padà sórí àlééfà láti ọjọ́ kìíní ọdún náà pẹ̀lú ẹgbẹ́ tuntun rẹ̀ àti NCNC. Kíá ni ilé Ìbàdàn yí òfin padà, tí wọ́n sì jẹ́ kí àyípadà náà rìn padà sẹ́yìn bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló wà tẹ́lẹ̀. Adégbénró jàre, ilé sì gba àre náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti ro ẹjọ́ yìí títí. Ní tèmi, Adémọ́lá ló rí ibi tí ewu wà, àwọn ará Lọ́ńdọ̀n ló rí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ẹ̀bi náà wà lọ́rùn àwọn tó kọ òfin, torí wọ́n gbé nǹkan tó yẹ kí wọ́n kọ síwèé lé ojú-àánú lọ́wọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti wò ó kọ ní àṣà ọgọ́rùn-ún ọdún tó ń dí ihò irú bẹ́ẹ̀. Àwa kò ní. Ọsirélíà pàápàá, tó jẹ́ ọmọ òyìnbó, kó sínú irú ihò yìí ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá 1975, nígbà tí gómìnà àgbà yọ Whitlam kúrò nípò Olóòtú Ìjọba nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé aṣojú ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn ará Jámánì ti fojú rí ohun tí ìjọba aláìlẹ́sẹ̀ ń fà, wọ́n sì dí tiwọn pa. Nínú òfin wọn ti 1949, ilé kò lè kàn yọ olórí ìjọba. Wọ́n gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀, kí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé sì dìbò fún ẹni náà nínú ìbò kan ṣoṣo. Bí Helmut Kohl ṣe gbapò lọ́wọ́ Helmut Schmidt ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1982 nìyẹn. Àga kankan kò fò. Ká ní ìlà méjì bẹ́ẹ̀ wà nínú òfin Ìwọ̀-Oòrùn ni, lẹ́tà ẹlẹ́ni 66 yẹn kì bá ti kọjá ìwé ìkìlọ̀.

Ọ̀ràn kejì ni ti àpapọ̀. Ìjà inú ilé kan ní Ìbàdàn ni Èkó fi gba gbogbo ẹkùn. Wàhálà kò sí ní Òṣíẹ̀lẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí ní Òndó, kò sí ní Ọ̀yọ́. Ẹ má rò pé ètò ìjọba Ààrẹ wò ó sàn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta 2025, Ààrẹ kéde pàjáwìrì ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ó dá gómìnà, igbákejì rẹ̀ àti gbogbo aṣòfin dúró fún oṣù mẹ́fà, ó sì fi alábòójútó kan síbẹ̀. Ẹni tó bá mọ orúkọ Májẹ̀kódùnmí kò nílò àlàyé. Yálà páláméńtì ni a ń ṣe tàbí ti Ààrẹ, àárín tó lè fi ọwọ́ kan gba ẹkùn lọ́wọ́ ẹni tí ará ìlú dìbò fún, kò sí àpapọ̀ tòótọ́ níbẹ̀.

Ní Abẹ́òkúta wa níbí ńkọ́? Ní oṣù kẹsàn-án 2010, aṣòfin mẹ́sàn-án jókòó nílé aṣòfin Ògùn, wọ́n yọ Abẹnugan, wọ́n sì dá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú àwọn ẹgbẹ́ wọn dúró. Mẹ́sàn-án ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ! Nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni a ti lò nínú ètò Ààrẹ nígbà náà, bí a bá yọ ti ológun kúrò. Ohun tó ba nǹkan jẹ́ ní 1962 kò lọ pẹ̀lú páláméńtì.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìwọ̀-Oòrùn: ohun náà ṣì wà níbẹ̀ ní 1965, ó sì burú jù. Ìbò ẹkùn wáyé ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá. Ṣáájú ọjọ́ náà, wọ́n ti kéde pé àwọn kan wọlé láìní alátakò, nígbà tí àwọn alátakò wọn ń wá òṣìṣẹ́ tí yóò gba ìwé lọ́wọ́ wọn kiri. Lẹ́yìn ìbò, èsì méjì ló jáde: èyí tí ìjọba Akíntọ́lá kéde, àti èyí tí ẹgbẹ́ Adégbénró kó jọ láti ibùdó. Adégbénró kéde pé àwọn ló borí, ọlọ́pàá sì mú un. Ẹni tí kò rí ibi tí wọn yóò ti ka ìbò rẹ̀, bẹtiróòlù àti ìṣáná ló kù fún un. "Wẹ́ẹ̀tì ẹ̀" ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń da epo sí ilé, sí mọ́tò, sí ènìyàn. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1966, àwọn ológun pa Balewa, wọ́n pa Akíntọ́lá, ìjọba páláméńtì sì tán ní Nàìjíríà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ètò Ààrẹ fi sàn jù, nítorí àwọn tó ń polongo páláméńtì kì í mẹ́nu bà á. Nínú ìjókòó 312 tó wà nílé aṣojú ní 1959, Àríwá nìkan ní 174. Ìlà-Oòrùn ní 73, Ìwọ̀-Oòrùn 62, Èkó 3. Ẹkùn kan ṣoṣo ju mẹ́ta yòókù lọ. NPC mú 134, Àríwá sì ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ẹni tó bá gba ẹkùn kan tán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilẹ̀ náà. Àwọn tó kọ òfin 1979 ló dí ihò yìí: wọ́n ní ẹni tí yóò ṣe Ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Òfin náà ló ń mú kí ẹni tó ń wá ipò láti Borno dé Abẹ́òkúta wá jẹun lọ́dọ̀ wa, kí ọmọ Ẹ̀gbá náà sì dé Borno. Bí a bá fẹ́ páláméńtì láàárín, kí ni yóò ṣe iṣẹ́ yẹn? N kò tíì rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Fún ìdí èyí, ìdájọ́ tèmi kò bá ti àwọn 60 yẹn mu pátápátá. Ìpínlẹ̀ ni kí á ti bẹ̀rẹ̀. Kí 1966 tó dé, ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní ìwé òfin tirẹ̀; lónìí, ìwé òfin 1999 kan ṣoṣo ló sọ bí ìpínlẹ̀ 36 yóò ṣe ṣèjọba, bí ẹni ran aṣọ kan náà fún ọmọ ọdún méjì àti bàbá rẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ páláméńtì ṣe é. Nílé aṣòfin Ògùn, ènìyàn 26 ló wà níbẹ̀, Odẹ́dá ní ìjókòó kan. Bí olórí ìjọba Ògùn bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, tó ń jókòó sójú kan náà pẹ̀lú aṣòfin Odẹ́dá, ẹni tí a rán níṣẹ́ láti Òṣíẹ̀lẹ̀ yóò lè bi í léèrè ọ̀nà wa lójúkojú, ìbò rẹ̀ yóò sì ní ìwúwo lọ́jọ́ tí olórí náà bá nílò rẹ̀. Kọmíṣánnà yóò jẹ́ ẹni tí ẹkùn kan dìbò fún. Gómìnà tí a ní báyìí lè ṣe ọdún mẹ́rin láìdúró níwájú ilé lẹ́ẹ̀kan láti dáhùn ìbéèrè kan, àyàfi lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ka bọ́jẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ síwèé pé inú ilé ni a ó ti ka orí, pé ìbò tó bá yọ ẹnì kan ni yóò yan ẹlòmíì, pé aṣòfin tó bá fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀ yóò fi ìjókòó sílẹ̀ pẹ̀lú. Òfin ti èyí tó kẹ́yìn yìí ti wà nílẹ̀ báyìí. Ìyàtọ̀ tí wọ́n ṣe fún ẹgbẹ́ tó bá pín sí méjì ni gbogbo wọn ń gbà jáde. Kí wọ́n dí i.

Ẹkùn Abẹ́òkúta Àríwá, Ọbáfẹ́mi Òwódé àti Odẹ́dá ni Òṣíẹ̀lẹ̀ wà, ènìyàn kan ṣoṣo ló sì ń jókòó fún gbogbo wa l'Ábùjá. Nígbà tó bá tún wá sí ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kó jókòó tán, kó jẹ obì, kó mu omi. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó ka ojú ìwé tí wọ́n ti kọ bí a ó ṣe máa yọ olórí ìjọba nínú àbá 2031 sí wa létí, kó kà á ní Yorùbá, kí àwọn ìyá wa tó wà lẹ́yìn náà lè gbọ́.